Gabriella Ló Kọ́kọ́ Dé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọmọọba Albert Kejì ti Mónákò

Sí Kábíyèsí, Ọmọọba Albert Kejì, olórí ìlú Mónákò, àti sí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin rẹ̀.

Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin aṣòfin, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Oṣù Keje ọdún 2025 ló pé 20 ọdún tí Kábíyèsí gorí ìtẹ́. Ìlú ṣe àjọyọ̀. Mo dúró kí ẹnìkan mẹ́nu ba abala 10 nínú ìwé òfin yín, mi ò gbọ́ ẹni tó mẹ́nu bà á. Abala yẹn ló sọ pé ọmọ tí olórí ìlú bá bí nínú ìgbéyàwó nìkan ló lè jogún ìtẹ́, pé ẹ̀gbọ́n ló ń ṣáájú àbúrò, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ wà ní ipò ìbátan kan náà, kí obìnrin yẹra fún ọkùnrin. Gbólóhùn kan péré ni, òun ló sì ń pààlà sáàárín àwọn ọmọ ilé yín dòní olónìí.

Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ilé onílé, ohun méjì ni. Ìbejì ni àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, èmi náà sì bí ìbejì, obìnrin ló ṣáájú, ọkùnrin ló tẹ̀ lé e, láàárín àwọn èèyàn tí kì í fi ọ̀rọ̀ ìbejì ṣeré. Ìkejì ni pé ọmọ Tógò ni ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Kábíyèsí. Ará wa wà ní Tógò. Àwọn Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé ò tíì gbàgbé ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Mi ò sọ pé Yorùbá ni ìyá ọmọ náà o. Aládùúgbò wa ni, ìyẹn náà sì tó.

Ẹ jẹ́ kí n to ẹjọ́ mi.

1. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2014, ní ilé ìwòsàn tó ń jẹ́ orúkọ ìyá yín, Princess Grace, iṣẹ́ abẹ ni àwọn dókítà fi gbẹ̀bí Charlene, ìyàwó yín. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni Gabriella dé. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́fà, Jacques dé. Ààfin fúnra rẹ̀ ló kéde aago méjèèjì. Àgbá 42 ni wọ́n ní kí wọ́n yìn, 21 fún Gabriella, 21 fún Jacques. Nídìí àgbá, ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ìkéde tí wọ́n ti sọ pé Gabriella ló kọ́kọ́ dé náà ni wọ́n ti sọ pé Jacques ni àrẹ̀mọ. Wọ́n fi Jacques jẹ Marquis des Baux, wọ́n fi Gabriella jẹ Comtesse de Carladès. Oyè méjèèjì dùn létí, àmọ́ ọ̀kan ń lọ sórí ìtẹ́, èkejì ń lọ síbi àpèjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó lè pa ẹjọ́ èmi fúnra mi lára, kí ẹlòmíì má bàa sọ ọ́ fún mi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìbejì kì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Táíwò ni, Kẹ́hìndé ló rán an kó lọ wo bí ayé ṣe rí. Lójú ìyá tó bí mi, Jacques ni ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí. Ká ní ohun tí ìwé òfin yín sọ nìyẹn, pé Kẹ́hìndé ló nilé, ǹ bá ti panu mọ́. Ìwé òfin yín ò mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Bí Jacques bá ṣáájú, òun ni àrẹ̀mọ. Ó kẹ́yìn, òun náà ni. Aago ààfin ò já mọ́ nǹkan kan. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń wò nígbà tó bá gbé ọmọ tuntun sókè ni òfin yín wò.

2. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, à bá ní bó ṣe bọ́ sí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ka ìran sẹ́yìn. Bàbá yín, Rainier Kẹta, ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Antoinette. Oṣù Kejìlá ọdún 1920 ni wọ́n bí Antoinette. Oṣù Karùn-ún ọdún 1923 ni wọ́n bí Rainier. Nígbà tí ìyá wọn yọwọ́ nínú ìtẹ́ ní 1944, àbúrò ni wọ́n kó o fún, òun ló sì jọba ní 1949. Ó wá kan ìran tiyín. Ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1957 ni Grace bí Caroline, Caroline sì ni àrólé fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1958 ni wọ́n bí yín, wọ́n sì gba àyè náà lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ìran kẹta ni Gabriella.

Antoinette, Caroline, Gabriella. Láàárín ìran mẹ́ta, obìnrin ni àkọ́bí tí ilé Grimaldi, ìdílé yín, ń bí nínú ìgbéyàwó, ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni wọ́n sì ń fo àkọ́bí. Nínú àwọn ọmọ Caroline pàápàá, Charlotte tí wọ́n bí ní 1986 ń tò lẹ́yìn Pierre tí wọ́n bí ní 1987.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Caroline, torí pé ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ṣe fún yín ju èmi lọ. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982 ni Grace kú lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀. Caroline, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 26, ló bọ́ síbi tí ìyá rẹ̀ ṣófo: ayẹyẹ ìlú, àlejò ilẹ̀ òkèèrè, ẹgbẹ́ àánú, gbogbo ohun tí ìyàwó olórí ìlú ń ṣe ló ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ Stefano Casiraghi kú sínú ìdíje ọkọ̀ ojú omi ní 1990, ó fi ọmọ kéékèèké mẹ́ta sílẹ̀ fún un, síbẹ̀ kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìlú. Ọdún 2011 tí ẹ gbé Charlene níyàwó ló tó sinmi. Láti 2005 tí bàbá yín ti wàjà títí di ọjọ́ tí wọ́n bí àwọn ìbejì, òun tún ni àrólé, nítorí ẹ ò tíì bímọ nínú ìgbéyàwó. Pé àwọn ọmọ yín rọ́pò rẹ̀ nígbà kejì yẹn, mi ò ní wí. Ọmọ ló ń jogún bàbá. Ìgbà àkọ́kọ́ ni mò ń bá yín jà sí. Ẹni tó lè gbé ìlú fún nǹkan bí 30 ọdún láìsí oyè, kí ló dé tí kò lè gbé e pẹ̀lú oyè?

3. Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìgbéyàwó, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le jù.

Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹ̀rù ń ba ìjọba Faransé. Louis, ọmọ kan ṣoṣo tí Albert Kìíní, olórí Mónákò nígbà náà, bí, kò gbéyàwó, kò sì lọ́mọ tí òfin mọ̀. Bó bá kú báyẹn, ẹni tí ìtẹ́ Mónákò kàn ni ìbátan yín kan tó jẹ́ ará Jámánì, Wilhelm, Duke ti Urach. Faransé ń bá Jámánì jagun lọ́wọ́. Kí ará Jámánì wá jókòó sétí òkun wọn kó máa jọba? Wọn ò lè gbà. Àdéhùn tí Mónákò bá wọn tọwọ́ bọ̀ ní oṣù Keje ọdún 1918 wá láti inú ẹ̀rù yẹn. Àmọ́ àdéhùn ò lè bímọ, ilé yín sì nílò ọmọ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá fa ọmọ kan jáde. Louis ti bí ọmọbìnrin kan ní Constantine, ní Àlgéríà, ní ọdún 1898. Charlotte ni orúkọ rẹ̀. Marie Juliette Louvet ni ìyá rẹ̀, kì í ṣe ọmọ ọba, Louis ò sì gbé e níyàwó. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi òfin mú ọmọ náà wọ ìdílé ní 1911, òfin náà ò dúró, nítorí ó ta ko ìlànà ìdílé tó wà ṣáájú rẹ̀. Wọ́n tún òfin ṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1919, Louis gba ọmọ bíbí inú ara rẹ̀ tọ́ lábẹ́ òfin, bí ẹni gba ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n fi Charlotte jẹ Duchess ti Valentinois. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún un lọ́kọ, Pierre de Polignac, tí òun náà sì gba orúkọ Grimaldi kí orúkọ ilé má bàa parẹ́. Àwọn méjèèjì ló bí Antoinette àti Rainier. Rainier ló bí yín.

Kábíyèsí, ìyá tó bí bàbá yín, wọn ò bí i nínú ìgbéyàwó. Mi ò sọ ọ́ kí ayé lè fi yín rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ohun tó dáa jù tí ilé yín ṣe láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kan nìyẹn. Nígbà tí wọ́n nílò Charlotte, wọn ò bi í pé ìyàwó ilé ni ìyá rẹ̀ tàbí kì í ṣe ìyàwó ilé. Wọn ò bi í bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Wọ́n wá ọ̀nà. Bí ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà yẹn wọlé ṣe wá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ni kò yé mi.

4. Nítorí ilẹ̀kùn náà ti wà ní títì, ẹ wo bí àwọn ọmọ ilé yín ṣe pín. Stéphanie àbúrò yín bí Louis ní 1992, ó bí Pauline ní 1994, òun àti bàbá wọn ò tíì fẹ́ra. Oṣù Keje ọdún 1995 ni wọ́n fẹ́ra, kò sì tó oṣù 16 tí wọ́n fi kọ ara wọn sílẹ̀. Oṣù díẹ̀ yẹn tó. Louis àti Pauline di ọmọ òfin, orúkọ wọn wà lórí ìlà títí dòní. Camille tí Stéphanie bí lẹ́yìn wọn ní 1998 kò sí níbẹ̀, torí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ bàbá rẹ̀. Ìyá kan náà ló lóyún wọn, ọ̀kan náà sì ni ẹ̀jẹ̀ Grimaldi tó wà lára wọn. Ìwé ìgbéyàwó tí wọ́n yà láàárín ọdún méjì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn ọmọkùnrin méjì tí Charlotte ọmọ Caroline bí: ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bí i tán wà nínú ìlà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sí.

Alexandre àti Jazmin ńkọ́? Ní 1992 ni wọ́n bí Jazmin Grace fún yín ní Amẹ́ríkà. Ní 2003, Nicole Coste, ọmọ Tógò tó ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù Air France nígbà tí ẹ pàdé, bí Alexandre. Oṣù Keje ọdún 2005, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n fi yín jẹ, ẹ rán agbẹjọ́rò yín kó sọ fún ayé pé ọmọ yín ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́wọ́ Jazmin náà. (Èyí túmọ̀ sí pé tí a bá ka gbogbo ọmọ yín, obìnrin ṣì ni àkọ́bí yín.)

Mo gbọ́dọ̀ yìn yín síbí yìí. Albert Kejì mìíràn wà, ọba Bẹ́ljíọ̀m tó ti fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi sẹ́ ọmọ rẹ̀ Delphine ní kóòtù. Ìgbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ já a ní koro ní oṣù Kìíní ọdún 2020 ló tó gbà, kóòtù ló sì fún ọmọ náà ní oyè ọmọọba lọ́dún yẹn, lẹ́yìn tó ti lé ní ọmọ 50 ọdún. Ní ti Alexandre, ẹ̀yin ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà á nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì.

Àmọ́ ìkéde tí ẹ fi gbà wọ́n lọ́mọ náà ni wọ́n fi sọ fún wọn pé ìtẹ́ kò kàn wọ́n. Ní Nàìjíríà níbí, tí wọ́n máa ń pè ní ibi tí nǹkan ti dojú rú, abala 42 ìwé òfin wa sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí bí wọ́n ṣe bí ọmọ Nàìjíríà kan kí wọ́n fi ohunkóhun dù ú. Ìwé òfin tiyín náà ní ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́. Abala 17 ní ọgbọọgba ni gbogbo ọmọ Mónákò níwájú òfin, pé àǹfààní ẹnìkan ò gbọ́dọ̀ ju ti ẹnìkejì. Abala 10 àti abala 17, inú ìwé kan náà ni wọ́n wà. Ṣé àwọn aṣòfin ò kà wọ́n pọ̀ rí ni?

5. Wọ́n á ní àṣà àwọn ọba Yúróòpù ni. Ṣé ọba Yúróòpù wo? Swídìn ló kọ́kọ́ pa òfin yẹn tì, láti ọjọ́ kìíní ọdún 1980. Carl Philip ni àrẹ̀mọ nígbà náà, ọmọ oṣù méje. Òfin gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Victoria ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún méjì. Bàbá wọn, Ọba Carl Gustaf, kò fara mọ́ gbígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọ tó ti ń jẹ́ ẹ, ó sì sọ ọ́ síta. Ilé aṣòfin ò torí ẹ̀ dúró. Ọba ò kú, ìlú ò dàrú. Victoria ti lọ́kọ, ó ti bí Estelle, Estelle ló sì tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ ní àbúrò ọkùnrin.

Họ́láńdì tẹ̀ lé Swídìn ní 1983, Nọ́rwè ní 1990, Bẹ́ljíọ̀m ní 1991. Dẹ́nmákì dìbò ará ìlú lé e lórí ní 2009. Luxembourg ṣe tiwọn ní 2011. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í yára yí nǹkan padà, ṣòfin ní 2013, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2015. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi bí Ọmọọba Louis ní 2018 tí Charlotte ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Àwọn tó ṣẹ́kù pẹ̀lú yín ni Spéìn àti Liechtenstein. Liechtenstein burú jù yín lọ, obìnrin ò tiẹ̀ sí nínú ìlà níbẹ̀ rárá. Ti Spéìn, ìwé òfin wọn ti 1978 ló mú kí Felipe jọba nígbà tí Elena àti Cristina ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó. Leonor ọmọ rẹ̀ ló máa jọba lẹ́yìn rẹ̀, kìkì nítorí pé kò ní àbúrò ọkùnrin. Àmọ́ àwọn ará Spéìn ní àwáwí tí ẹ̀yin ò ní: láti yí ibẹ̀ yẹn padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà, kí wọ́n tú ilé ká, kí wọ́n dìbò tuntun, kí ilé tuntun tún fi ìdá méjì nínú mẹ́ta gbà á, kí ará ìlú tún wá dìbò lé e. Kò sí olóṣèlú tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

6. Ẹ̀yin ńkọ́? Ohun tí ìwé òfin yín bèèrè kò ju kí Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ aṣòfin fohùn ṣọ̀kan. Kò sí pé ẹ ń tú ilé ká, kò sí ìbò ará ìlú. Bó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ló gbé e dìde, èèyàn 16 nínú 24 ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí Kábíyèsí náà wá gbà. Èèyàn 16! Àpéjọ mọ̀lẹ́bí wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì sọ fún mi pé abala 10 kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ fọwọ́ kàn án ní oṣù Kẹrin ọdún 2002. Rainier ti darúgbó nígbà náà, ẹ̀yin ti lé ní ọmọ 40 ọdún, ẹ ò gbéyàwó, ìdààmú sì bá ìlú. Wọ́n yí ìwé òfin padà kí ìtẹ́ lè bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín àti àwọn ọmọ wọn bí ẹ ò bá bímọ. Nígbà tí ìdílé lè pàdánù ìtẹ́, òfin rọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi gbólóhùn tó fún ọkùnrin láǹfààní sílẹ̀ síbi tó wà, tí wọ́n tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn ọmọ ìyá yín. Ẹni tó di ìwé òfin mú lọ́wọ́, tó tún un kọ, tó wá tún àṣìṣe inú rẹ̀ kọ pọ̀ mọ́ ọn, kò lè sọ pé òun ò rí i.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa múra láti fèsì pé, ẹ̀yin Yorùbá ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní Àkúrẹ́ àti Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń di adelé. Á wọ aṣọ ọkùnrin, á jókòó sáàárín àwọn ìjòyè, á máa dá ẹjọ́, inú ìlú á sì tutù. Ọjọ́ tí wọ́n bá yan ọba tuntun, á kó ẹrù rẹ̀, á padà sílé ọkọ. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba tiwa ò lè dá òfin dúró. Gómìnà ló ń fún un ní ọ̀pá àṣẹ, gómìnà sì lè gbà á padà. Ní Mónákò, òfin kankan kì í jáde láìjẹ́ pé Kábíyèsí fọwọ́ sí i, Kábíyèsí ló sì ń yan olórí ìjọba. Agbára gidi ni ẹ ń jogún fún ara yín, torí náà ni mo ṣe ń bi yín ní ìbéèrè tó le ju èyí tí mò ń bi ọba ìlú mi lọ.

Ẹ̀yin aṣòfin, ọdún 1962 ni obìnrin kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yàn yín sípò. Ọdún 2022 ni ẹ fi obìnrin, Brigitte Boccone-Pagès, ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀ yín fún ìgbà àkọ́kọ́. Obìnrin lè darí yín, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí kò bá ní arákùnrin kó tó lè jọba lé yín lórí.

Ohun tí mò ń bèèrè nìyí.

Àkọ́kọ́, kí ẹ yọ gbólóhùn tó fi ọkùnrin ṣáájú obìnrin kúrò nínú abala 10, níbi méjèèjì tó wà. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn yí i ká. Kí wọ́n yọ ọ́.

Ìkejì, kí ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀ láti orí Gabriella. Mo mọ̀ pé Jacques ti dàgbà tó láti mọ ohun tí wọ́n ń pe òun, kò sì dà bí ọmọ oṣù méje ti Swídìn. Ó máa dùn ún. Ó ti ń dun Gabriella náà, àmọ́ kò sí ẹni tó ń ro tìyẹn. Bí ẹ bá ní ọkàn yín ò gbé e, ẹ ṣe bí ti Nọ́rwè: wọ́n fi Haakon sílẹ̀ sípò rẹ̀ níwájú Märtha Louise ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí òfin tuntun mú àwọn tí wọ́n máa bí lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe di pé Ingrid Alexandra, àkọ́bí Haakon, ló ń bọ̀ wá jọba nìyẹn. Èyí ò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ìran kẹrin tún ti ibẹ̀ kọjá.

Ìkẹta, ní ti ọmọ tí wọ́n bí láìsí ìgbéyàwó. Mi ò sọ pé kí ẹ gbé adé lé Alexandre lórí. Ó ti dàgbà, ó ní ayé tirẹ̀, kò sì bẹ̀ mí ní iṣẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé kí ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé ọmọ tí òbí rẹ̀ tó jẹ́ Grimaldi bá ti jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú òfin, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìlà, bó tilẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn àwọn tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó. Ohun tí ẹ ṣe fún Charlotte ní 1919 ni. Bí kò bá sí fún Alexandre àti Jazmin, kó wà fún ọmọ tí Jacques tàbí Gabriella máa bí lọ́jọ́ iwájú, torí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kì í dúró de ìwé ìgbéyàwó kí wọ́n tó bímọ, àwọn ọmọ ilé yín ò sì yàtọ̀.

Ìkẹrin, ẹ dá ọjọ́ sí i. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2032 ni àwọn ìbejì máa pé ọmọ ọdún 18. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, kí aṣòfin kan ti gbé àbá náà kalẹ̀, kí ẹ ti dìbò lé e ní gbangba, kí a lè mọ èèyàn 16 tó fọwọ́ sí i, kí a sì mọ àwọn tí kò fọwọ́ sí i.

Bí Kábíyèsí bá ní ìdí kan tí Gabriella ò fi lè jọba, yàtọ̀ sí pé obìnrin ni, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ kí gbogbo wa kà á. Mò ń retí èsì yín. Èdè Faransé náà dáa, mo ní ẹni tó máa bá mi kà á.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
Ìbàdàn.